Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú skríìnì IPS lórí káńtà búkà mi

Ẹran ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe ẹran inú ọbẹ̀ o, àwòrán ẹran ni.

Búkà àmàlà ni mo ní, ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá mo ra skríìnì kan tí a ń fọwọ́ tẹ̀, íńṣì 15, mo dá a nàró sórí káńtà bí ìwé, kí orúkọ oúnjẹ àti iye owó lè tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oníbàárà á wò ó, káṣíà á tẹ ohun tó bá fẹ́, iye rẹ̀ á jáde. Mo ní ìjà "ẹ tún ti fowó kún un" ti parí nìyẹn. Àfi bí bàbá kan tó dúró lápá òsì ṣe bi mí pé, "Ìyá olóúnjẹ, ẹran wo lèyí tó dúdú bí èédú?" Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo kúrò níbi tí mo wà tí mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ìrẹsì funfun ti di dúdú, ọbẹ̀ ti rí bíi fíìmù fọ́tò ayé àtijọ́ tí èèyàn gbé sókè kó fi wo oòrùn, iye owó tí a fi àwọ̀ pupa kọ kò ṣeé kà rárá. Mo bọ́ sápá ọ̀tún, àwọ̀ ohun gbogbo ṣá, ó rí bí ìgbà tí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ èlùbọ́ gbààgúdá lé e lórí.

Ẹni tó tà á fún mi ní Òtìgbá, n'Ìkẹjà, ní kò sóhun tó ṣe é. Òótọ́ ló sọ, kò bàjẹ́, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ọmọ àbúrò mi tó ń tún fóònù ṣe ló là mí lọ́yẹ. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Mọ́mì, TN lẹ rà, ẹ wá tún dá a nàró."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. TN àti IPS jẹ́ oríṣi méjì lára skríìnì LCD. Skríìnì LCD kì í tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Iná wà lẹ́yìn rẹ̀, gílásì méjì wà níwájú iná náà, ohun olómi kan sì wà láàárín gílásì méjèèjì. Àwọn ẹyọ tó wà nínú omi yìí gùn tín-ín-rín bí ọwọ̀, iná mànàmáná ló sì ń darí wọn láti mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí wọn yóò jẹ́ kó kọjá. Nínú TN, tí wọ́n ti mọ̀ láti nǹkan bí 1970, àwọn ẹyọ náà lọ́ bí okùn. Tí iná bá dé, wọ́n á nàró, wọ́n á kọrí sí ẹni tó wà níwájú. Ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò rí ìdúró wọn bí ẹni iwájú ṣe rí i, ìmọ́lẹ̀ tó kàn án sì yàtọ̀. Nínú IPS, tí Hitachi ti ilẹ̀ Japan gbé wọ ọjà ní 1996, wọn kì í nàró. Ńṣe ni wọ́n sùn gbalaja, tí wọ́n ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí lójú aago. Ìdí nìyẹn tí ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì fi ń rí ohun kan náà, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ dídá tí mo dá a nàró. Àléébù TN pọ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ lọ: ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó láti ìsàlẹ̀, dúdú á di funfun, funfun á di dúdú. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ bí tẹlifíṣọ̀n lè má fura láéláé, torí ta ní ń jókòó sílẹ̀ wo skríìnì? Èmi ló yí i, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ di òsì, tí òkè rẹ̀ di ọ̀tún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé àléébù náà síwájú oníbàárà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà igun ìwò tó wà lára páálí tàn yín jẹ, ìyẹn bí igun tí a ti lè wo skríìnì ṣe fẹ̀ tó, ti ẹ̀gbẹ́ ṣáájú, ti òkè àti ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ 170/160 sára ti àkọ́kọ́, wọ́n kọ 178/178 sára èyí tí mo ń lò báyìí. Ẹ rò ó wò, ó dà bí ẹni pé ìyàtọ̀ ò tó nǹkan. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ kò ju pé ní igun yẹn, ibi funfun ṣì mọ́lẹ̀ ju ibi dúdú lọ ní ìlọ́po 10. Kò sọ bóyá ẹran á ṣì pọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn tiẹ̀ ń lo ìlọ́po 5 kí nọ́ńbà tiwọn lè ga. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo lọ sọ́jà, àwòrán ọbẹ̀ mi ni mo gbé dání nínú fóònù, mo ní kí wọ́n so ó mọ́ skríìnì, mo wá ń yí i ká bí ẹni ń wo àgbò Iléyá. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń rẹ́rìn-ín, mi ò dá wọn lóhùn. Irú kan tún wà tó ń jẹ́ VA, dúdú rẹ̀ dúdú dáadáa, ó sì dáa fún tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, àmọ́ àwọ̀ ojú èèyàn inú rẹ̀ máa ń ṣá díẹ̀ tí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mi ò rà á.

Èyí tí mo rà jẹ́ IPS, íńṣì 15.6, ó ń lo HDMI fún àwòrán àti USB fún fífọwọ́ tẹ̀. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Látìgbà náà, kò tíì sí ẹni tó bi mí léèrè àwọ̀ ẹran. Ìlà oníbàárà á gùn dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lápá òsì á ti ka iye owó kó tó dé iwájú. Ìyẹn nìkan ti san owó rẹ̀ fún mi.

Ohun tí inú mi kò dùn sí ni oòrùn. Iwọ̀-oòrùn ni ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí, ìmọ́lẹ̀ skríìnì náà ò sì ju nits 250 lọ (nits ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ skríìnì), gílásì rẹ̀ ń dán bíi dígí. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú ara wọn làwọn oníbàárà ń rí nínú rẹ̀. Mo ta aṣọ kan sẹ́nu ọ̀nà, ó sàn díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, ǹ bá wá èyí tó lé ní 400, tí ojú rẹ̀ kì í dán. Fífẹ̀ igun ìwò kò lè gbà yín lọ́wọ́ oòrùn, ọ̀tọ̀ ni tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún.

Ká wá sórí fífọwọ́ tẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pè ní resistive: ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lókè, gílásì nísàlẹ̀, àlàfo díẹ̀ láàárín. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, méjèèjì á fara kanra, ibẹ̀ ló ti mọ ibi tí ìka wà. Àmọ́ ó fẹ́ agbára. Kẹ́hìndé, káṣíà mi, á máa fi ìka gún un títí ike náà fi há. Capacitive ni tuntun. Iná kékeré wà lójú gílásì rẹ̀, ara èèyàn sì ń fa díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ìka bá ti kàn án, bí ti fóònù ọwọ́ wa.

Ṣùgbọ́n omi náà ń fa iná. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, a ṣí kúlà àmàlà sítòsí rẹ̀, oru bò ó, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lójú rẹ̀. Ká tó mọ̀, ó ti ka pọ̀nmọ́ 14 sọ́rùn ọmọ yunifásítì kan tó ní ká fún òun ní ẹyọ kan. A gbé kúlà jìnnà, a fi aṣọ gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà.

Ti jẹnẹrétọ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi dé ọ̀dọ̀ wòlíì. Tí iná NEPA bá wà, wẹ́rẹ́ ni. Tí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀, skríìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀, á fo láti àmàlà sí ẹ̀bà, á pa ohun tí Kẹ́hìndé ti kọ. Obìnrin tó ń fọ abọ́ ní kì í ṣe ojú lásán. Ọmọ àbúrò mi ní ṣájà pọ́ọ́kú tó bá a wá nínú páálí ni: kò lè sẹ́ ìdọ̀tí inú iná jẹnẹrétọ̀, skríìnì sì ń ka ìdọ̀tí náà mọ́ ìka. A ra ṣájà gidi, oníná wá fa wáyà áàtì, èyí tó wọ ilẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù kò ní tẹ́lẹ̀. Látọjọ́ náà ni ó ti jáwọ́.

Mi ò ta ti àkọ́kọ́. Ilé ìdáná ló wà báyìí, mo fi kọ́ ògiri ní ìdúró tó yẹ ẹ́, òun ló ń fi ohun tí oníbàárà béèrè hàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wò ó, iwájú rẹ̀ gan-an ló sì máa ń dúró. Oṣù tó kọjá mo ní kí n fi IPS tó jẹ́ capacitive rọ́pò rẹ̀, ìyá tó ń ro àmàlà fún wa ní kí n má dán an wò. Ọwọ́ wọn kì í gbẹ, bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ jáde, ìdí ọmọrogùn ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́.