Sayana Press: abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí tí obìnrin lè gún fúnra rẹ̀

Lára ohun ìfètòsọ́mọbíbí tí UNFPA, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iye ènìyàn, ń pèsè fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ni èyí wà, ó sì rọrùn fún ẹni tí ilé ìwòsàn jìnnà sí. Oògùn (104 mg) àti abẹ́rẹ́ ti wà pọ̀. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gún un.

Ẹ mi oògùn náà dáadáa fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, kí ẹ ti ìdérí wọlé títí àlàfo àárín wọn yóò fi dí. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: bí àlàfo bá kù bíńtín, oògùn ò ní jáde. Ẹ fa ìdérí náà kúrò. Ẹ fi ìka kó awọ ikùn tàbí iwájú itan jọ, ẹ ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, kí ẹ fún àpò oògùn díẹ̀díẹ̀, kó gba ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 7. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kí ẹ tó fi awọ sílẹ̀; ẹ má fọwọ́ ra ibẹ̀. Inú agolo onídèérí ni kẹ́ ẹ jù ú sí, kì í ṣe ṣáláńgá.

Àléébù rẹ̀? Nǹkan oṣù lè máa ṣe ségesège, tàbí kó má wá rárá. Ẹni tó fẹ́ lóyún láìpẹ́, kó wá òmíràn, torí oyún lè pẹ́ kó tó dúró. Kò sì dènà HIV; kọ́ńdọ̀mù ló ń ṣèyẹn.