SSH, WireGuard tàbí Tailscale: èwo ni kí ẹ fi wọ dátábéèsì tó wà lẹ́yìn firewall?

Gbogbo ẹni tó ń ta ọ̀nà àtiwọ dátábéèsì láti òkèèrè ló ń kéde pé ọjà òun ń sọ dátà di àdììtú. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. SSH, WireGuard, OpenVPN, TLS, tí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀nà láti bo dátà lójú ọ̀nà: bí ẹ bá tò wọ́n dáadáa, kò sí èyí tí olè tó lúgọ sójú ọ̀nà lè ka ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹ má torí àdììtú nìkan sanwó. Ohun mẹ́ta ló yà wọ́n sọ́tọ̀: ihò tí ẹ máa lu sára firewall (ògiri tó ń dí àlejò lọ́nà), bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹni tó ń wọlé ni ẹni tó pe ara rẹ̀, àti bí ẹ ṣe máa tètè ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta yìí ni mo kà sí jù, òun sì ni àwọn oníbàárà kì í béèrè.

PostgreSQL àti MySQL, oríṣi dátábéèsì méjì, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ.

TLS tààrà, láìsí ohunkóhun láàárín

Ẹ ṣí port 5432 (port ni ilẹ̀kùn onínọ́ńbà lára server) fún PostgreSQL tàbí 3306 fún MySQL, ẹ tan TLS, ó parí. Òun ló yá jù, kò sì ná yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀: port tó bá ti ṣí sí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń wá password tó rọrùn láti mọ̀ yóò kàn án lára.

Àwọn kan á ní kí ẹ gba àdírẹ́ẹ̀sì IP yín nìkan láàyè. Ìyẹn dára fún ọ́fíìsì tó ní àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà. Fún ẹni tó ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kò wúlò, torí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo, wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkigbà. Ẹ gba àdírẹ́ẹ̀sì yẹn láàyè, ẹ ti gba àwọn àjèjì náà láàyè nìyẹn.

Ibì kan tún wà tó ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan fún PostgreSQL, sslmode rẹ̀ (ètò tó ń sọ bí yóò ṣe lo TLS) á jẹ́ prefer. Ohun tí prefer ń ṣe ni pé yóò gbìyànjú TLS, bí server bá ní òun ò ní in, yóò wọlé bẹ́ẹ̀ láìbò, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Require ń fi dandan lé àdììtú, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá server tó dáhùn ni tiyín lóòótọ́. Verify-full ló ń ṣe méjèèjì: á yẹ ìwé-ẹ̀rí server wò, á sì rí i pé orúkọ inú rẹ̀ bá orúkọ server mu. Ní ti MySQL, PREFERRED ni tirẹ̀ bí ẹ ò bá yan nǹkan kan. VERIFY_IDENTITY ni kí ẹ yàn. Ní ẹ̀gbẹ́ server, ẹ fi hostssl sínú pg_hba.conf (fáìlì tí PostgreSQL fi ń pinnu ẹni tó lè wọlé), tàbí kí ẹ tan require_secure_transport nínú MySQL, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé láìbò má rí ọ̀nà.

SSH tunnel

Ọdún 1995 ni Tatu Ylönen kọ SSH ní Finland, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti dọdẹ password lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì rẹ̀. OpenSSH tí a ń lò lónìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó fi port 22, tí SSH ń lò, nìkan sílẹ̀ lórí server ẹnu ọ̀nà, dátábéèsì á sì wà nínú ilé (níbí, lórí server kan náà ló wà):

ssh -N -L 5433:localhost:5432 ade@server

DBeaver àti MySQL Workbench, tí a fi ń wo inú dátábéèsì, ní àyè fún un, nítorí náà oníṣirò tí kò mọ command kan á lè lò ó. Bí ẹ bá fẹ́ lo verify-full gba inú tunnel, orúkọ localhost kò ní bá ìwé-ẹ̀rí mu. Ẹ fi orúkọ server gangan sí host, kí ẹ fi 127.0.0.1 sí hostaddr.

Fún ẹnì kan tàbí ẹni méjì, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa sanwó fún ohun mìíràn. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn bá pọ̀. Kọ́kọ́rọ́ SSH oníkálukú (ohun tó ń dúró fún password) ń gbé inú fáìlì authorized_keys lórí server kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá lọ, ẹ ó máa yọ ọ́ kiri. Ẹni tí ẹ sì fún ní tunnel ti ní àyè láti pàṣẹ lórí server náà, àfi bí ẹ bá kọ restrict,port-forwarding,permitopen="localhost:5432",command="/bin/false" ṣáájú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé láti pa wíwọlé pẹ̀lú password.

WireGuard àti OpenVPN

WireGuard, tí Jason Donenfeld kọ, wọ inú Linux 5.6 ní oṣù kẹta ọdún 2020. Kóòdù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìlà 4,000, kékeré gan-an fún VPN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì). Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ jù SSH lọ ni pé kì í dá ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lóhùn rárá, nítorí náà ẹni tó ń wá ihò kiri kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí laptop yín bá sì kúrò lórí Wi-Fi bọ́ sórí dátà fóònù, ìsopọ̀ náà kì í já, nígbà tí SSH tunnel á ti kú. Ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ á mọyì èyí.

UDP, ọ̀nà kan tí dátà ń gbà rìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Bí òtẹ́ẹ̀lì tàbí ọ́fíìsì oníbàárà bá dí UDP, OpenVPN ló kù, torí ó lè gba TCP 443, tí wẹ́ẹ̀bù ń lò, kọjá. Á falẹ̀ níbẹ̀, pàápàá bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ju dátà nù, ṣùgbọ́n ẹ ó wọlé.

Tailscale

WireGuard ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹ ń sanwó fún ni pípín kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń pè jáde, nítorí náà ẹ ò ní ṣí port kankan. Òṣìṣẹ́ á fi àkáǹtì Google tàbí Microsoft rẹ̀ wọlé, ẹ ó sì kọ òfin pé port 5432 nìkan ló lè kàn. Bí ó bá lọ, ẹ yọ ọ́ níbì kan ṣoṣo. Fún ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ tó ju márùn-ún lọ, òun ni màá kọ́kọ́ dámọ̀ràn.

Orí kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù ni wọ́n ń ṣírò owó rẹ̀, dọ́là sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètò ọ̀fẹ́ wà. Ẹ fi iye òṣìṣẹ́ tí ẹ ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ ṣírò rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ mìíràn máa darí kọ́kọ́rọ́ òun lè lo Headscale, tó ń ṣe iṣẹ́ ìdarí yẹn, lórí server tirẹ̀.

Bí dátábéèsì yín bá wà lórí AWS (ìkùukùu Amazon), ẹ wo Session Manager rẹ̀ kí ẹ tó ra ohunkóhun. Kò nílò port 22, wọn kì í gba àfikún owó fún un lórí EC2 (server tí AWS fi ń yá ènìyàn), ó sì ń kọ orúkọ ẹni tó wọlé àti àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún 2024, AWS ń gba $0.005 ní wákàtí kan lórí àdírẹ́ẹ̀sì IPv4 ìta kọ̀ọ̀kan, nítorí náà server ẹnu ọ̀nà pàápàá ní owó tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé tí Session Manager ń ṣe yẹn kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí dátà ọmọ Nàìjíríà wà lọ́wọ́ rẹ̀: òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 fún yín ní wákàtí 72 láti fi tó NDPC, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà ní Nàìjíríà, létí bí ìjáwọlé tó lè pa àwọn oníbàárà lára bá ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ wọlé gba ọ̀nà tí wọ́n ń tà fún yín, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì fúnra rẹ̀. Ní PostgreSQL:

SELECT ssl, version FROM pg_stat_ssl WHERE pid = pg_backend_pid();

Ní MySQL, SHOW STATUS LIKE 'Ssl_cipher'. Bí ó bá ṣófo, kò sí TLS níbẹ̀, inú tunnel nìkan ni dátà ti ní ààbò.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wọlé, kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ wá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nígbà tó ṣì wà nínú. Ní SSH, yíyọ kọ́kọ́rọ́ kì í gé ìsopọ̀ tó ti wà nílẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ pa á fúnra yín. Ẹ ka iye ìṣẹ́jú tí ọjà tí ẹ fẹ́ rà máa fi gé e, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó rẹ̀.