Ẹ ṣọ́ra o: gbájúẹ̀ tó ń ta “etí òkun tí kò sí èrò” ti wọ Iléṣà

Ẹ̀yin ará Iléṣà, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìpolówó ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp pé òun ní ilé oníyàrá mẹ́ta létí òkun l'Ékòó, kò sí ariwo, kò sí èrò, kí ẹ wá fi ọjọ́ mẹ́ta sinmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. ₦340,000 tèmi ti wọ̀ ọ́ lápò.

Màámi pé ọdún 70 lóṣù Kẹta. A bi wọ́n pé kí ni ká ṣe fún wọn. Wọn ò béèrè aṣọ, wọn ò béèrè àríyá. Wọ́n ní òkun làwọn fẹ́ fojú rí káwọn tó kú. Obìnrin tó ná gbogbo ọjà láti Òṣogbo títí dé Àkúrẹ́, kò tíì rí òkun rí! Wọ́n tún fi kún un pé àwọn ò fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn fọ́ èèyàn létí o, ibi tó parọ́rọ́ ni.

Àbúrò mi obìnrin ló rí ìpolówó náà nínú gúrúùpù kan. Fọ́tò mẹ́fà ni. Iyanrìn funfun, omi tó mọ́ gaara bí omi inú ife, ilé kékeré kan tí wọ́n kùn ní funfun, àga méjì níta, àti òkè kan tí igi bò, tó dúró gbagidi lẹ́yìn ilé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ilashe ni. Màámi gba fóònù, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n gbé e sún mọ́jú, wọ́n ní, “Ẹ gbé mi lọ síbí.” Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Mo pe onítọ̀hún. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó gbọ́ ariwo ọjà Àtàkúnmọ́sà lẹ́yìn mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà o.” Mo ní kó fún mi ní nọ́ńbà ẹnì kan tó ti lọ síbẹ̀ rí. Ó rẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, bí mo bá ń pín nọ́ńbà àwọn oníbàárà mi kiri, ṣé ibẹ̀ á ṣì parọ́rọ́?” Mo ní kó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Ó ní ibẹ̀ ò ní àdírẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Èyí kì í ṣe irọ́, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí Ilashe. Ta ló ni ilé? Ó ní olówó kan ni, kò fẹ́ ká máa dárúkọ òun. Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo fẹ́ rà gan-an ló fi bò mí lójú. Ibi tí kò sí èèyàn ni mo ní mo fẹ́, ó sì tà á fún mi lóòótọ́: kò sí èèyàn tí mo lè bi léèrè.

Ó tún ku ti owó. Nọ́ńbà àkáǹtì tó fi ránṣẹ́, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ náà ni, òdo iwájú nìkan ló yọ. Orúkọ tó jáde nígbà tí mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́, orúkọ obìnrin kan ni, kì í ṣe orúkọ iléeṣẹ́ tó gbé sórí ìpolówó. Mo béèrè. Ó ní akọ̀wé òun ni. Ó ní kí n san án pé ṣáájú, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ká lọ, nítorí pé ẹlòmíì ti ń béèrè ọjọ́ náà. Èmi tí mo ń ta aṣọ láti ọdún 1998, tí mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé ọ̀pá kan kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́fẹ̀ẹ́, èmi náà ni mo tẹ nọ́ńbà àṣírí mi, tówó lọ.

Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìdájí, la gbéra. Ifẹ̀, Gbọ̀ngán, Ìkirè, Aṣẹ́jíire, Màámi ò sùn rárá. Aago mọ́kànlá kọjá ká tó dé èbúté tó júwe ní CMS l'Ékòó. A bá tọkọtaya kan níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Ìbàdàn ni wọ́n ti wá. Èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ náà ti fẹ́ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ sídìí, ó ń rìn kiri bíi pépẹ́yẹ. Ilé kan náà, ọjọ́ kan náà, fọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kan náà ni wọ́n tà fún àwọn náà. A jọ ń pè é. Ó ti pa fóònù.

Ọmọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi gba fóònù mi, ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà tóbi. Ó wo fóònù, ó wò mí.

“Mọ́mì, níbo lẹ ti wá?”

“Iléṣà.”

“Abájọ. Òkè wo ló wà létí òkun Èkó?”

Ara mi bù máṣọ. Láti Badagry títí dé Lẹ́kì, pẹrẹsẹ nilẹ̀ etí òkun wa: iyanrìn, irà, igi àgbọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti dé Èkó àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n àwa Ìjẹ̀ṣà, òkè là ń jí rí láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wo fọ́tò yẹn, òkè náà ò jọ mí lójú. Ọmọkùnrin náà bi mí pé ibo ló ní ọkọ̀ máa já wa sí. Mo ní ó ní iwájú ilé gan-an, lórí iyanrìn òkun. Ó mirí. Ó ní ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, níhà ọ̀sà, lọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀ ní Ilashe, èèyàn á wá fẹsẹ̀ rìn já sí òkun ní òdìkejì. Ta ló máa gbé ọkọ̀ kékeré kojú ìgbì òkun?

Òṣómàáló ni bàbá bàbá mi. Wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri. Bí onígbèsè bá fẹ́ ṣe màgòmágó, wọn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní dìde àfi bówó bá pé. Èmi náà ṣetán àtilóṣòó. Ẹnu ọ̀nà ta ni kí n wá lóṣòó sí? Mo ti fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ní báńkì, wọ́n ní ká ní mo tètè wá lọ́jọ́ tí mo sanwó gan-an ni, bóyá wọn ì bá rí i dá dúró. Èmi sì rèé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fún un.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lọ, àti pé kí ló dé tẹ́ ò ní lọ, ẹ ní kí ẹni tó ń polówó ilé pè yín ní fídíò látinú ilé náà, kó ṣí ẹ̀rọ omi kẹ́ ẹ rí i, kó wá rìn jáde títí á fi fi òkun hàn yín. Gbájúẹ̀ ò lè rìn jáde nínú fọ́tò. Orúkọ iléeṣẹ́ náà wà ńkọ́, èèyàn lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó ti bọ́ ni mo tó wo tiẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ ojú omi yẹn ló gbé wa lọ sí Tarkwa Bay, etí òkun mìíràn l'Ékòó, àwa àtàwọn ará Ìbàdàn. Kò tan ẹ̀rọ títí gbogbo wa fi wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ ara rẹ̀ di ti Màámi. Òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu àbáwọlé èbúté Èkó ló ń gba ìgbì níbẹ̀, ìdí nìyẹn tómi fi rọ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ ni, èèyàn ò pọ̀. Wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀ ni èrò máa ń ya débẹ̀. Màámi ká ìró wọn dórúnkún, wọ́n wọ inú omi, wọ́n tẹ ìka bọ̀ ọ́, wọ́n tọ́ ọ wò. “Iyọ̀ ni lóòótọ́!” Ilẹ̀ la fi jẹ móínmóín wa. A ò sùn síbẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Muṣin la sùn.

Lánàá, oníbàárà mi kan láti Ifẹ̀ fi ìpolówó kan hàn mí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá kóun sanwó. Orúkọ iléeṣẹ́ ti yí padà, nọ́ńbà ti yí padà, Badagry ló pe ibẹ̀ báyìí. Òkè yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé.