Dírììlì oníwáyà àtijọ́ àti oníbátìrì tuntun: èwo lẹ máa gbé sọnù?

Tẹ́ẹ bá ti ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, dírììlì àtijọ́ yẹn ni ojú máa ń kọ́kọ́ bá, èyí tó wúwo bí òkúta, tí wáyà ẹ̀ ti lọ́ mọ́ra bí ejò, tí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tú ẹnu ẹ̀ ṣì wà lára wáyà níbi tí ẹnìkan fi téèpù dúdú lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ máa wò ó, ẹ máa wo àyè tó gbà, ẹ máa wá rántí oníbátìrì tẹ́ẹ rí lọ́jọ́sí, tó ń dán, tó jókòó sínú àpótí ẹ̀ pẹ̀lú bátìrì méjì, ọkàn yín á ní kí lẹ tún ń fi àgbà irin yìí ṣe, ẹ gbé e fún ẹni tó bá fẹ́ kẹ́ẹ lọ ra tuntun. Ẹ ṣe sùúrù ná. Mo ti ṣe é rí. Kòtò tí mo jìn sí náà ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Mi ò ní ka iye ìgbà tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan fún yín, ìyẹn wà lára páálí. Èyí tí wọn ò kọ sára páálí ni mo bá wá.

Gbígbé kiri: oníbátìrì ló borí, kò la ariwo lọ. Ẹni tó wà lórí àkàbà tó ń fi ọwọ́ kan di òrùlé mú ò fẹ́ kí wáyà tún máa kọ́ òun lẹ́sẹ̀.

Sukúrúù: oníbátìrì náà ni, ó sì fi jìnnà réré. Òrùka onínọ́ńbà tó wà lẹ́nu ẹ̀ yẹn, tẹ́ẹ bá yí i sí ibi tó yẹ, bí sukúrúù bá ti wọlé tán á kàn máa ta kẹ-kẹ-kẹ ni, kò ní rì wọ inú pákó, kò sì ní ya á. Àwọn oníwáyà tó ti pẹ́ gan-an ò nírú ẹ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn ò tiẹ̀ lè yí sẹ́yìn, eré kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, ẹ fà á ó sáré, ẹ fi í sílẹ̀ ó dúró. Tí bíìtì (irin ẹnu ẹ̀ tó ń lu ihò) bá sì lọ há sínú irin, ọwọ́ yín ló máa yí, torí náà ẹ máa fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú dáadáa.

Iṣẹ́ tó gba àkókò, bíi kéèyàn máa po ọ̀dà tàbí kó lu ihò ogún sínú kọnkéré láìsinmi: oníwáyà. Ẹnu àwọn tó tóbi nínú wọn gba bíìtì tó nípọn tó mìlímítà 13, ọ̀pọ̀ oníbátìrì kékeré ò kọjá 10.

Àyè: ẹ má fi ìyẹn ṣe àwáwí. Ẹ to oníbátìrì, bátìrì méjì, ṣájà àti àpótí rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n kó wọn sí jọ, kẹ́ẹ wá sọ fún mi èwo ló gba ilé jù.

Ó wá ku bátìrì, ibẹ̀ ló ti dùn mí wọra.

Nígbà tí mo palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tèmi mọ́, mo gbé oníwáyà mi fún ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà, mo tiẹ̀ ń gbádùn ara mi pé mo ṣe oore. Mo ra oníbátìrì. Ọdún méjì àkọ́kọ́, kò sírú ẹ̀, mo ń yangàn kiri. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ mìíràn dé, mo gbé e sílẹ̀ bí oṣù mẹ́jọ, àti èyí tó wà lára ẹ̀ àti èyí tó wà nínú àpótí, mi ò fún ìkankan ní ṣáájì kí n tó lọ, ta ló rántí? Ọjọ́ tí mo padà, mo ti ọ̀kan bọ ṣájà, iná pupa ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, mo jẹun tán ó ṣì ń ṣẹ́jú. Bátìrì lithium máa ń jò díẹ̀díẹ̀ fúnra ẹ̀ bó tiẹ̀ jókòó sójú kan, tí sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀ (àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ nínú ẹ̀) bá sì ti lọ sílẹ̀ jù, ṣájà ò ní gbà á mọ́, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà gbiná ni. Èkejì gba ṣáájì ṣá, ó lu ihò mẹ́ta, ó sùn lọ.

Mo ní ṣebí bátìrì lásán ni, màá ra òmíràn. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti yí ìdí bátìrì wọn padà, tuntun ò lè wọ ara tèmi mọ́, èyí tó ṣẹ́kù ní irú tàtijọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó odindi dírììlì tuntun pẹ̀lú àpótí ẹ̀. Dírììlì fúnra ẹ̀ ò ní àrùn kankan o! Ẹ̀rọ ẹ̀ le koko, ẹnu ẹ̀ ò gbọ̀n, ó kàn di irin tó ń wò mí lójú ni. Mo ní kí n gba ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, fóótì 18 náà ni (fóótì ni wọ́n fi ń wọn agbára iná bátìrì), wọ́n ní kò lè wọ̀ ọ́, oníkálukú ló ń gé ìdí bátìrì tiẹ̀ sí bó ṣe wù ú kẹ́ẹ má baà lè kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. (Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó kọ 20 síra tiẹ̀ tàn yín pé tiẹ̀ lágbára ju 18 lọ. Sẹ́ẹ̀lì márùn-ún náà ló wà nínú méjèèjì, 3.6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn 18, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣájà á lé ní 4, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí 20.)

Kí ni mo ṣe? Mo padà lọ bá ọmọ tí mo fún ní oníwáyà. Ó ti nù ún, ó ti pààrọ̀ wáyà ẹ̀, ó gbé e kọ́ ògiri bíi fọ́tò bàbá ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé e fún mi tọwọ́tẹsẹ̀, ó wá ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, àbí? Mo máa lò ó lọ́la." Dírììlì tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé fún un.

Ohun tó ń pa oníwáyà ò tó ohun tó ń pa oníbátìrì. Irú èyí tó ní ìdìmú bí ìbọn, tẹ́ẹ máa fi ìka fà, ọdún 1917 ni Black & Decker ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ wo èyí tó wà lọ́wọ́ yín bóyá ó fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Wáyà tó bá já, wáyà mìíràn á wọ̀ ọ́. Èyí tó máa ń jẹ tán jù nínú ẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù, igi dúdú kékeré méjì tó ń ha ara ẹ̀rọ tó ń yí. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì kúrò lára iná, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, lára ọ̀pọ̀ wọn ẹ máa rí ìdérí roboto kan tó ní ojú sukúrúù, tẹ́ẹ bá tú u sípírìǹgì á ta jáde (ẹ fi àtàǹpàkò dí i, tèmi fò lọ sábẹ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan, wákàtí kan ni mo fi ń fi ikùn wọ́lẹ̀ wá a), kábọ́ọ̀nù á tẹ̀lé e jáde. Tó bá ti kúrú tó èékánná, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ dé e padà, ó tán. Dírììlì tí wọ́n ní ó ti kú, ọ̀pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ ni àìsàn ẹ̀ mọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo àgbà irin kọ́ ló yẹ kẹ́ẹ pa mọ́, mi ò ní purọ́ fún yín. Tó bá jẹ́ pé ara ẹ̀ látòkèdélẹ̀ irin ni, tí pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀ sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, láìsí wáyà áàtì (èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀) tó so mọ́ ara irin yẹn, ẹ má lò ó, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni. Wáyà kan péré tó bá bó nínú ẹ̀ tó kan ara, iná á gbé yín. Èyí tí wọ́n bo nínú lọ́nà méjì tí kò nílò áàtì máa ń ní àmì onígun mẹ́rin kékeré nínú onígun mẹ́rin ńlá lára ẹ̀, ẹ wá a. Bákan náà, tí rọ́bà wáyà ẹ̀ bá ti ń sán bí ẹsẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ẹ tó tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná búlúù kín-ín-kín tó ń ṣẹ́ nínú ihò atẹ́gùn ẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n tí iná ọ̀hún bá pọ́n tó yí ká bí òrùka, tó sì ń rùn bíi pé nǹkan ń jóná, oníṣẹ́ iná ló máa wò ó, owó tó sì máa gbà lè má tọ́ sí i.

Tó bá wá jẹ́ pé oníbátìrì ayé ọjọ́un lẹ ní, èyí tó ń lo nickel-cadmium, tó máa ń kó sẹ́ẹ̀lì 15 jọ kó tó lè di fóótì 18, ìyẹn ni kẹ́ẹ fi sílẹ̀ láìwẹ̀yìn. Àwọn ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de bátìrì yẹn fún irinṣẹ́ látìparí 2016, májèlé ni cadmium inú ẹ̀, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó ń gba bátìrì òkú, ẹ má jù ú sínú iná.

Ìdájọ́ mi? Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹni tó ń fi sukúrúù ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tó ń gun òkè sọ̀ kalẹ̀, kó ra oníbátìrì, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ò ní jẹ́ kí bátìrì sùn sílẹ̀ kó kú. Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń lu ògiri, tó ní oníwáyà tó ṣì ń dáhùn, mi ò mọ ohun tó ń wá lọ. Tẹ́ẹ bá sì máa ra oníbátìrì ṣá, kẹ́ẹ tó sanwó ẹ béèrè iye tí bátìrì ẹ̀ nìkan ń lọ, ẹ béèrè bóyá ìdí rẹ̀ bá àwọn irinṣẹ́ yòókù tẹ́ẹ ti ní mu, tẹ́ẹ bá sì ń gbé e sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ẹ fi ṣáájì sílẹ̀ nínú ẹ̀ dé ìdajì, kẹ́ẹ yọ ọ́ kúrò lára dírììlì.

Èmi náà ti rí oníwáyà mìíràn rà, àlòkù, onígun mẹ́rin nínú onígun mẹ́rin wà lára ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ti dógùn-ún díẹ̀, mo ń fi epo rin ín láti ìjẹta, ó ti ń yí.