Fẹ́rì ọ̀fẹ́ Woolwich, fún ẹ̀yin tí ọmọ yín ti dàgbà ju jangirọ́fà lọ

Ọmọ ọdún márùn-ún kò ṣòroó dá lára yá. Ẹ gbé e lọ sí páàkì, ẹ gbé e gun jangirọ́fà, ẹ ra áísìkirímù kan fún un, ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá sókè ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Jangirọ́fà ti di ohun ìtìjú fún un, owó gọbọi ni wọ́n ń gbà níbi eré tó wù ú, tí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ nílé, fóònù ni yóò máa tẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni ilé-ẹ̀kọ́ ń tì níbí, láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí mo ní ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́tàlá àti ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá, tí ẹ̀gbọ́n mi tún máa ń fi ọmọ tirẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ sí mi bí ọlidé bá ti dé, mo ti wá ibi ọ̀fẹ́ kiri London títí ẹsẹ̀ fi ń dùn mí. Èyí tí mo fẹ́ yìn jù nínú gbogbo wọn kì í ṣe mùsíọ́ọ̀mù. Fẹ́rì Woolwich ni, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ènìyàn àti mọ́tò sọdá odò Thames ní ìlà-oòrùn London.

Ọ̀fẹ́ yìí kò ní bojúbojú nínú. Mo mọ ilé ìfòsókè (trampoline) kan tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti san owó ìwọlé tán, wọ́n á tún ní ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ tiwọn, ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ kò ní wọ̀ mọ́ láyé. Ti fẹ́rì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹta 1889 tí wọ́n ti ṣí i, ẹlẹ́sẹ̀ kì í sanwó, onímọ́tò kì í sanwó, lọ́rì ràgàjì tó kó yanrìn kì í san kọ́bọ̀. Ohun tó fà á tún dùn ún gbọ́. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ ìlú London ti fi owó orí aráàlú ra àwọn afárá tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì fòpin sí owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí wọn. Àwọn ará ìlà-oòrùn tí wọn kò ní afárá rárá wá bèèrè pé ṣé owó àwọn kọ́ ló wà nínú rẹ̀ ni, tí àwọn fi ní láti máa sanwó kí àwọn tó sọdá odò? Ariwo tí wọ́n pa yẹn ló bí fẹ́rì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ pé àríyànjiyàn ni oúnjẹ rẹ̀, fẹ́ràn ìtàn yìí ju ọkọ̀ náà gan-an lọ.

Ọkọ̀ méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 2019, Poland ni wọ́n ti kàn wọ́n. Ọ̀kan ń jẹ́ Dame Vera Lynn, akọrin ayé ogun Hitler, tí àwọn ọmọ mi kò mọ̀ rí, tí wọn kò sì bìkítà láti mọ̀. Èkejì ń jẹ́ Ben Woollacott. Èyí ni ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, òṣìṣẹ́ lórí fẹ́rì yìí kan náà, odò gbé e lọ lẹ́nu iṣẹ́ ní 2011. Nígbà tí mo sọ ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan lé irin etí ọkọ̀ sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. N kò tún ní láti pariwo mọ́.

Ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́, bí ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni. Àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín rẹ̀ ni ọmọ ńlá ń wò. Afárá irin ràbàtà kan á rọra tẹ̀ wálẹ̀, á fẹnu lé etí ọkọ̀, gbogbo ilẹ̀ á sì mì tìtì bí lọ́rì àkọ́kọ́ bá gorí rẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ aláwọ̀ iná á máa fọwọ́ darí wọn, ìwọ sún síbí, ìwọ dúró sọ́hùn-ún, kí ọkọ̀ má baà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọkùnrin mi dúró ti ibẹ̀, ó ń ṣírò bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù, ó ń sọ lọ́rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ibi tí mọ́tò tó kàn máa bọ́ sí, inú rẹ̀ sì ń dùn nígbà tó bá bá a mu. Ọmọ tí kì í gbé orí sókè nínú fóònù nìyẹn o. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ odò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yín lójú, ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání kódà nínú oṣù Kẹjọ. Lápá ibi tí oòrùn ń wọ̀, ẹ ó máa rí àwọn òrùlé irin dídán Thames Barrier, géètì mẹ́wàá tí wọ́n fi ń dí odò kí òkun má baà ya wọ London. Wọ́n ti ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti Woolwich, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà, àmọ́ ti ọmọbìnrin mi kò ju pé ó jọ ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, pé òun ti rí i láti orí ọkọ̀, ó ti tó.

Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ lódì kejì, páàkì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Royal Victoria Gardens, létí odò gan-an. Ibẹ̀ la ti máa ń jẹun. Mo máa ń di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fláàsìkì ẹlẹ́nu gbòòrò, dòdò nínú ike ọ̀tọ̀, nítorí dòdò tó bá bá ìrẹsì gbígbóná sùn á rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Pápákọ̀ òfurufú London City kò jìnnà, bààlú ń fò kọjá nílẹ̀ẹ́lẹ̀ débi pé ẹ ó ka àmì ìrù rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì máa ń fi ṣe ìdíje, ta ló máa kọ́kọ́ mọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ lọ.

Ẹ má fi fẹ́rì padà. Ihò kan wà lábẹ́ odò, fún ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, láti 1912. Ilé róbótó oníbíríkì pupa ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò jìnnà sí èbúté. Lífítì wà, àtẹ̀gùn wà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lo àtẹ̀gùn kí agbára wọn lè dínkù. Nísàlẹ̀, ọ̀nà tóóró kan ni, mítà 504, táìlì funfun lọ́tùn-ún lósì àti lókè orí. Ilẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lọ sí àárín, ó wá ń gòkè padà, nítorí náà ẹ kì í rí òpin rẹ̀ bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́, ènìyàn tó ń bọ̀ lódì kejì á kàn máa yọ díẹ̀díẹ̀, bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ́kọ́, orí ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ohùn ń dún padà níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọbìnrin mi ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń fún ara rẹ̀ lésì. Ọkùnrin arúgbó kan tó ń bọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣé ihò náà rẹwà? Rárá. Ó tutù, omi ń kán láwọn ibì kan, òórùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn òru Sátidé, kì í ṣe ohun tí mo lè yìn. Ẹni tí àyè híhá máa ń dẹ́rù bà, kó tún fi fẹ́rì padà. Wọn kò gba kí ènìyàn gun kẹ̀kẹ́ nínú rẹ̀, ẹ óò sì rí ẹni tó ń gùn ún, nítorí náà ẹ máa rìn létí ògiri. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, bí ẹ bá bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ihò yìí ni wọn yóò mú. Èmi ni mo ń ṣe agbẹnusọ fún fẹ́rì.

Ohun kẹta wà ní Woolwich fún ilé tí ọmọ bọ́ọ̀lù bá wà. Ẹgbẹ́ Arsenal, tí gbogbo wa mọ̀ sí ará Àríwá London, ibí ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1886. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ìjọba ti ń rọ ìbọn àgbá ló dá a sílẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àgbá fi wà láyà aṣọ wọn. Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ́ ni Dial Square, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ Nottingham Forest ló ta wọ́n lọ́rẹ aṣọ pupa, wọn kò sì kó lọ sí Highbury ní Àríwá London títí di 1913. Ilé Dial Square náà ṣì wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba yẹn, Royal Arsenal, ó ti di ilé ọtí báyìí, lóde la ti ń wò ó.

N kì í mú wọn lọ síbẹ̀. Mo máa ń jókòó létí odò, níbi tí àwọn ère irin bí ènìyàn wà, màá ní kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n lọ wá ilé tí wọ́n fi agogo oòrùn (sundial) sí lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Agogo yẹn ni wọ́n fi sọ ilé náà lórúkọ. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n yí ọgbà náà po, wọ́n bi àwọn aláàbò, wọ́n jà, wọ́n parí ìjà, wọ́n rí i. Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ ọmọ Arsenal dé bí ẹni tó lọ sí Mẹ́kà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Chelsea, ní kí ni wọ́n ń fi ìlú tí wọ́n sá kúrò fọ́nnu fún. Ọ̀rọ̀ náà gbé wa délé.

Mùsíọ́ọ̀mù ńkọ́? London Museum Docklands nìkan ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé fún ọjọ́ orí yìí. Ọ̀fẹ́ ni, ilé ìkẹ́rùsí ìgbà láéláé ni, àdúgbò òkùnkùn kan tí wọ́n tún kọ́ sínú rẹ̀, Sailortown, á dẹ́rù bà wọ́n díẹ̀. Yàrá tó sọ nípa ṣúgà àti òwò ẹrú wà níbẹ̀ láti 2007, ẹ bá wọn wọ ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá wọ̀ ọ́, nítorí ìbéèrè yóò pọ̀. Ilé ìkàwé ní tiẹ̀, ìdíje ìwé kíkà ọlidé tí wọ́n ń ṣe káàkiri, ọmọ ọdún mẹ́rin sí mọ́kànlá ló wà fún. Ọmọbìnrin mi ń ṣe é, àwọn bọ̀ọ̀dá wo ọ̀dọ̀ mìíràn.

Ọ̀nà dídé: ọmọ ọdún mọ́kànlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá ní káàdì Zip kì í sanwó bọ́ọ̀sì ní London. Wọ́n ń gba owó díẹ̀ láti ṣe káàdì náà, ẹ tètè ṣe é kí ilé-ẹ̀kọ́ tó tì. Ọkọ̀ ojú irin DLR kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún wọn, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ bá wá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ó san owó bọ́ọ̀sì, bí ẹ bá sì bọ́ sí òmíràn kí wákàtí kan tó pé, wọn kò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ yẹ ìkànnì TfL, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà ní London, wò kí ẹ tó jáde, nítorí fẹ́rì máa ń dúró bí kùrukùru bá bo odò tàbí bí wọ́n bá ń tún ọkọ̀ ṣe. Ẹ tọ̀ nílé. Ẹ má sì gba ọjà Beresford Square kọjá bí ebi bá ń pa wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀fẹ́ máa ń parí sí.

Ní báyìí, ìdíje la fi ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin á gba orí omi, èmi àti ọmọbìnrin mi á gba abẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá kẹ́yìn dé òdìkejì ló máa fọ abọ́ alẹ́. Bí wọ́n bá bá ọkọ̀ tó ti fẹ́ ṣí, a gbé e. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, a ti máa jókòó sí páàkì tí a ó ti máa jẹ dòdò kí wọ́n tó yọ. Ọmọbìnrin mi ti wá mọ́ ọn lára báyìí, kí ó kọ́kọ́ yọjú wo èbúté kó tó gbà láti ta.