Ṣọ́ọ̀bù tó ń tún fóònù ṣe ní Takie, àwọn tí kì í gba píìnì lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ n sọ ti ṣọ́ọ̀bù kan fún yín, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Takie. Mi ò ní kọ orúkọ wọn síbí torí mi ò tíì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ bi àwọn tó ń ta káàdì pé ṣọ́ọ̀bù wo ni wọn kì í ti í gba píìnì, wọ́n á nawọ́ sí i fún yín. Skríìnì ni mo lọ pààrọ̀. Iṣẹ́ wọn dáa, skríìnì náà mọ́ kedere, kò ní ìlà, ó ń gba ìka dé kọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀ ẹ̀, màá dé orí ọ̀rọ̀ owó wọn tó bá yá. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí, ọwọ́ tí wọ́n fi mú fóònù mi ni, wọ́n mú un bí ẹni tó mọ̀ pé ohun olóhun ló wà lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí níbòmíì. Ẹ ò ní tíì jókòó tí wọ́n á ti ní "píìnì ńkọ́?", wọ́n á kọ ọ́ sórí pépà kékeré, wọ́n á fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, wọ́n á jù ú sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ti àwọn yòókù, ó di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ padà wá. Látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ yẹn, ọ̀gá o, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ o, ọ̀rẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó kàn wá ṣeré o, gbogbo wọn ló lè ṣí fóònù yín. Mo ti rí i rí láàárín ìlú yìí níbi tí ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ ti ń wo fọ́tò ìgbéyàwó obìnrin tó gbé fóònù wá, tó ń fi ìka ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀gá ẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí kò bá a wí. Inú mi ò dùn rárá lọ́jọ́ náà.

Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ tiwa nìkan. Lọ́dún 2022 àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Guelph ní Kánádà gbé èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ṣọ́ọ̀bù 16, ohùn nìkan ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ nínú ẹ̀, wọ́n sì ti fi ohun tó ń ṣàkọsílẹ̀ gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ṣí pamọ́ síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló tú nǹkan oníǹkan wò, méjì nínú wọn tún kó o sórí nǹkan tiwọn, ti obìnrin ni wọ́n sì tú jù. Ohùn tí kò jáde, kí ló kàn án pẹ̀lú fọ́tò ẹni?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí Takie. Bí mo ṣe gbé fóònù kalẹ̀, ohun tí ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ sọ ni pé "Mọ́mì, ẹ bá mi yọ síìmù yín àti mẹ́mọ́rì káàdì." Ó na abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ti ilé síìmù jáde sí mi, èmi fúnra mi ni mo yọ ọ́ tí mo jù ú sínú pọ́ọ̀sì. Mo ní kí ló dé. Ó ní orí síìmù yẹn ni OTP báńkì, nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kẹ́ ẹ fi fọwọ́ sí owó, ń wọlé sí, ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ fún wákàtí kan lè fi ṣe nǹkan tẹ́ ẹ ò lérò, mẹ́mọ́rì káàdì ní tiẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lò ó yẹn, kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan, ẹni tó bá fi í sínú fóònù míì á rí gbogbo fọ́tò tó wà lórí ẹ̀ láìtẹ nọ́ńbà kankan.

Mo wá ń retí pé kó béèrè píìnì. Kò béèrè. Ojú mi ló ti ṣí fóònù, ó fẹ́ ooru sí etí ẹ̀ títí gọ́ọ̀mù fi rọ̀, ó fi nǹkan pẹlẹbẹ kan báyìí yọ skríìnì tó fọ́, ó so tuntun mọ́ ọn láì tíì lẹ̀ ẹ́ pa, ó wá tan fóònù. Fóònù ṣì wà ní títì o. Ó tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan án lẹ́ẹ̀mejì wéréwéré, kámẹ́rà ṣí, kámẹ́rà kì í béèrè píìnì, ó fi wo ògiri àti ìwé pupa kan bóyá àwọ̀ ẹ̀ dáa. Ó bọ́ síbi ìpè pàjáwìrì, ó ń tẹ nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan láìpe ẹnikẹ́ni, kó lè mọ̀ bóyá ojú skríìnì ń gba ìka. Ó ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó ń gbaná. Lẹ́yìn tó lẹ̀ ẹ́ tán ló wá yí i sí mi pé "Mọ́mì, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ dán an wò fúnra yín," ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí mo fi tẹ píìnì mi tán. Mo dá síìmù padà, mo pe àbúrò mi, mo gbọ́ ọ, ó gbọ́ mi, ó tán.

Nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ skríìnì yín, tàbí bátìrì, tàbí ojú ṣájà, kò nílò píìnì yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gírámà yí yín lórí. Tó bá ní òun fẹ́ dán nǹkan wò, ẹ dúró tì í, ẹ bá a ṣí i. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ flash ẹ̀ ni, kí wọ́n nu inú ẹ̀ kí wọ́n sì tún ètò tó ń mú un ṣiṣẹ́ fi sí i, ìyẹn yàtọ̀, ẹ kó fọ́tò àti nọ́ńbà yín síbòmíì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé torí gbogbo ẹ̀ ló máa lọ. Àwọn Samsung tí kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Maintenance mode, ó wà lábẹ́ Battery and device care tàbí Device care nínú Settings, àbúrò mi ní in lórí tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá tàn án fóònù á kú á tún jí, gbogbo fọ́tò, mẹ́séèjì àti ààpù yín á pamọ́, ẹni tó ń tún un ṣe á máa lò ó bíi fóònù tuntun, ẹ̀yin nìkan lẹ lè fi píìnì tàbí ìka yín dá a padà. Google náà fi irú ẹ̀ sórí Pixel ní oṣù Kejìlá 2023, Repair mode ni tiwọn ń jẹ́. Kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní in, tèmi ò ní.

Bàbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì, bátìrì fóònù wọn ti wú. Kí ọmọkùnrin yẹn tó bi wọ́n ní nǹkankan, Bàbá ti ń ké píìnì wọn síta, ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí wọn ni. Ọmọkùnrin yẹn ní "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ má pè é sókè." Bàbá ní "Ọmọ mi, kí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ wò? Kí ni mo ní?" Ó fi sùúrù bi wọ́n pé ṣé àlátì owó ìfẹ̀yìntì kì í wọlé síbẹ̀ ni, ṣé wọn ò ya NIN wọn síbẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé NIN wà níbẹ̀, káàdì ATM náà wà níbẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, ọmọ wọn ló yà á kó má bàa sọnù. Nọ́ńbà iwájú káàdì, ọjọ́ tó máa kú àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀, ohun tí àwọn kan fi ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìyẹn láì rí káàdì fúnra ẹ̀ sójú! Wọ́n jọ pa á rẹ́ níbẹ̀, Bàbá ló ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún lọ pa á rẹ́ nínú Trash, torí ohun tẹ́ ẹ bá pa rẹ́ nínú Google Photos ṣì máa wà nínú Trash fún ọjọ́ 30, tó bá ti lọ sí backup, ẹ̀dà tí Google ń tọ́jú sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè tó ọjọ́ 60. Ọ̀pọ̀ yín tó ń ka eléyìí ní irú fọ́tò yẹn nínú gálárì, ẹ lọ wò ó.

WhatsApp náà ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó bá mọ píìnì yín, tí fóònù yín sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tiẹ̀, á máa ka mẹ́séèjì yín látilé ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gba fóònù yín lọ, kò tiẹ̀ dìgbà tí fóònù yín bá wà ní títàn. Ẹ wọ WhatsApp, ẹ tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè, ẹ lọ síbi Linked devices, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ tí kì í ṣe tiyín, ẹ yọ ọ́ dànù. Ẹ tún tan two-step verification, píìnì oní nọ́ńbà mẹ́fà ni, ẹ má fi ọjọ́ ìbí ṣe é. Kẹ́ ẹ sì ṣètò fóònù yín kí ọ̀rọ̀ inú mẹ́séèjì má máa hàn lójú ẹ̀ tó bá wà ní títì, torí kí làǹfààní píìnì tí OTP bá ń yọjú síta fún gbogbo ayé.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn níbẹ̀: owó wọn fi nǹkan bíi 2,000 náírà ju ohun tí wọ́n pè fún mi ní Under G lọ, àyè wọn kéré, ariwo jẹnẹrétọ̀ sì pọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ kọ́sítọ́mà àti nọ́ńbà fóònù sí, wọ́n ṣí i sílẹ̀ gbayawu lórí tábìlì, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló lè kà á, èmi gan-an rí nọ́ńbà ẹni tó wá ṣáájú mi. Ẹni tó ṣọ́ fọ́tò ẹni tó báyìí kò yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Mo sọ fún ọ̀gá wọn, mo ní òfin ààbò dátà Nàìjíríà tí wọ́n buwọ́ lù lóṣù Kẹfà 2023 kan ìwé yẹn náà. Kò bínú, ó pa ìwé dé níṣojú mi, ó ní àwọn á máa fi sínú dúrọ́ọ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tẹ́ ẹ bá a ní ṣíṣí, ẹ bá mi rán wọn létí.

Iṣẹ́ fóònù nìkan ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í gba láptọ́ọ̀pù. Àárọ̀ ló dáa jù kẹ́ ẹ lọ, kí èrò ọjà tó dé, kẹ́ ẹ lè ráyè jókòó tì wọ́n títí wọ́n á fi ṣe é tán. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.