Dùùrù kékeré oníbátìrì: àgbéyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ olùdarí ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò

Ẹgbẹ́ akọrin àdúgbò tí mo ń darí ní Ìbàdàn kì í ṣe ti ìjọ kankan. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú rẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó ń tajà náà sì wà níbẹ̀. Ìfẹ́ orin ló ń kó wa jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ohun èlò tí yóò máa fún un ní ohùn tó péye, tí kò ní gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ, tí ènìyàn kan sì lè gbé kọ́ apá dé gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ láìwá ọkọ̀. Dùùrù kékeré oníkíì 61, tí gbogbo ayé ń pè ní kíbọ́ọ̀dù, ni a dáwó rà, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wa tó láti mọ ibi tó dára sí àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Olùkọ́ rere ni fún akọrin, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a jẹ́ kí ó bá wọn kọrin.

Ẹgbẹ́ bíi tiwa kò nílò dùùrù ńlá oníkíì 88. Kíì 61 jẹ́ ọ́kítéfù márùn-ún (láti dò kan dé dò tó tẹ̀ lé e ni ọ́kítéfù kan): ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ́kítéfù méjì sí ìsàlẹ̀ C àárín, ó sì dé ọ́kítéfù mẹ́ta sí òkè rẹ̀. Lẹ́tà A sí G ni orúkọ àwọn kíì, C àárín sì ni C tó wà nítòsí àárín dùùrù. Báàsì (ohùn ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ jù lọ) tí kò gba ẹ̀kọ́ orin kì í sábà lọ sí ìsàlẹ̀ ju E tàbí F lọ, sopiránò (ohùn obìnrin tó ga jù lọ) irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà kọjá A òkè, nítorí náà ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú ténọ̀ (ohùn ọkùnrin òkè) àti áltò (ohùn obìnrin ìsàlẹ̀), wọ inú rẹ̀, àyè sì tún ṣẹ́ kù. Bátìrì kékeré mẹ́fà ló ń gbé tiwa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó bá ti darí akọrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ rí yóò mọ ìdí tí mo fi ka èyí sí àǹfààní ńlá, nítorí níbi tí jẹnẹrétọ̀ bá ti ń hó, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ áltò.

Sólfà, ìyẹn dò, rè, mì, fà, sò, là, tì, la fi ń kọ́ orin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe. Ètò náà, tí Sarah Glover bẹ̀rẹ̀ ní England tí John Curwen sì tún un ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣì jẹ́ ọ̀nà tó yá jù lọ fún ẹni tí kò mọ nóòtì orí ìlà márùn-ún. Mo máa ń kọ́kọ́ tẹ ìlà báàsì nìkan. Wọ́n á fi sólfà kọ ọ́, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́, kí n tó kọjú sí ténọ̀. Bí ténọ̀ bá ń kọ́ tiwọn, báàsì á máa kùn tiwọn jẹ́ẹ́ jẹ́ẹ́ kí wọ́n má baà gbàgbé. Áltò ló máa ń ṣòro jù lọ, nítorí ìlà wọn lè dúró sórí sò kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó sún sí fà, etí wọn á sì ti máa fà sí orin sopiránò tó dùn jù tiwọn lọ. Níbẹ̀ ni dùùrù yìí ti ń ṣiṣẹ́ takuntakun. Mo á fi ìka kan tẹ sò náà, mo á fi ìka sílẹ̀ lórí rẹ̀ kó máa dún, àwọn áltò á sì máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀ títí ohùn wọn yóò fi bá a dọ́gba. Nínú gbogbo ohùn tí wọ́n kó sínú rẹ̀, ohùn ọ́gàànù ni kí ẹ yàn fún iṣẹ́ yìí, nítorí ohùn piánò máa ń kú lọ lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́, akọrin tó ń wá ọ̀nà á sì pàdánù amọ̀nà rẹ̀ láàárín ìlà. Lẹ́yìn ìdánrawò, a ó fi fóònù gba ohùn ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, oníkálukú á sì máa gbọ́ tirẹ̀ nídìí iṣẹ́.

Bọ́tìnì tó ń gbé dò, ìyẹn ohùn ìpìlẹ̀ orin, sókè tàbí tó ń sọ ọ́ kalẹ̀ tọ́ sí ìyìn. Àwọn olórin tó kàwé sábà máa ń bẹnu àtẹ́ lù ú pé ó ń sọ atẹdùùrù di ọ̀lẹ, òótọ́ sì ni fún ẹni tó fẹ́ fi dùùrù ṣe iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn sopiránò wa bá ti pariwo lọ́jà láti àárọ̀, tí ọ̀fun wọn ti gbẹ, mo lè sọ dò kalẹ̀ ní ìdajì ohùn kan tàbí odindi kan láìjẹ́ pé ẹni tó ń tẹ dùùrù yí ìka padà, orin náà á sì di ohun tí wọ́n lè kọ láìfún ọrùn pọ̀.

Bọ́tìnì tí n kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ kankan fọwọ́ kàn ni ti ìlù adáṣiṣẹ́. Ìlù náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni, kì í mí, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kí gbólóhùn kan fà díẹ̀ kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè wọlé. Àléébù kejì jinlẹ̀ ju èyí lọ: kíì dùùrù kò lè yọ́ láti ohùn kan bọ́ sí òmíràn bí gángan ṣe ń yọ́, bẹ́ẹ̀ orin Yorùbá kún fún irú yíyọ́ bẹ́ẹ̀. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù àgbà ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 di 1962, tẹnu mọ́ ọn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ìró orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí orin bá jẹ́ ti Yorùbá, mo máa ń jẹ́ kí àwọn akọrin ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè ketekete ná kí a tó tẹ ohunkóhun, kí etí wọn má baà kọ́ orin náà bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí orin bá ti mọ́ wọn lára, mo máa ń pa dùùrù. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n nígbà àkọ́kọ́, nítorí ẹgbẹ́ tí kò ní ohun èlò lẹ́yìn sábà máa ń rọra jábọ́ kúrò lórí dò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kọjá níbẹ̀. Lópin ẹsẹ̀ orin, n ó tẹ dò lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wa á sì gbọ́ bí a ti jábọ́ tó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ irú ìdánwò yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ara wọn. Ìgbà náà ni ayọ̀ orin àjùmọ̀kọ máa ń dé. Ọkùnrin tí kò lè dá ìlà kan kọ níwájú ènìyàn á wà láàárín báàsì, á gbọ́ ohùn mẹ́ta yòókù tí wọ́n gúnlẹ̀ sórí tirẹ̀, ojú rẹ̀ á sì yí padà. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Gothenburg ní Sweden kọ ọ́ jáde pé bí àwọn akọrin bá ń kọrin pọ̀, ìlùkìkì ọkàn wọn máa ń yára, á sì máa rọra, pa pọ̀, nítorí pé ibi kan náà ni wọ́n ti ń mí. Kò yà mí lẹ́nu rárá. Dùùrù tó bá ń dún láìdánu dúró ń bo ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́.

Agbọ̀rọ̀sọ ara rẹ̀ kéré. Ó tó gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, kò tó òde ìgbéyàwó, èmi kò sì kà á sí àbùkù, nítorí kò lè bo ohùn ènìyàn mọ́lẹ̀.

Mo gba ẹgbẹ́ tó bá ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ra irú èyí tó mọ ìyàtọ̀ láàárín títẹ pẹ̀lẹ́ àti títẹ kíkankíkan, nítorí aláìmọ̀yàtọ̀ á kọ́ akọrin láti máa pariwo bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tòkunbọ̀ kò burú, bí ẹ bá tẹ gbogbo kíì 61 náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níwájú ẹni tó ń tà á, tí ẹ sì ṣí ilé bátìrì rẹ̀ wò bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀. Kí ẹ tó kì í bọ iná, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ádápítọ̀ rẹ̀: iná Amẹ́ríkà jẹ́ volt 120, tiwa sì jẹ́ volt 230, nítorí náà ádápítọ̀ tí kò bá gba ju 120 lọ á jóná lójú ẹsẹ̀, ó sì lè ba dùùrù jẹ́.